Ẹ Má Fi Àṣìṣe Sílẹ̀ Nínú Ìwé Ìnṣọ́ránsì



Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tó ń fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó gàrí lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde pààrọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ẹni tó bá a kọ fọ́ọ̀mù kọ ọ́ pé ọkọ̀ ara-ẹni lásán ni, kò kọ pé ó ń kó ẹrù ọjà. Òun náà fọwọ́ sí i láìjẹ́ kí wọ́n kà á sí òun létí. Nígbà tí a rí i, ó ní, “Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí ọdún á fi yí po.” A ní rárá o!

Ìdí rèé. Láti oṣù January 2023, owó third party ọkọ̀ ara-ẹni ti kúrò ní ₦5,000, ó ti di ₦15,000. Ti ọkọ̀ tí oníṣòwò fi ń kó ẹrù ara rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. ₦5,000 péré ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá lọ gbá ti ẹlòmíì, iléeṣẹ́ lè yọ fọ́ọ̀mù síta, kí wọ́n ní irọ́ la pa. Àríyànjiyàn dé nìyẹn, ẹni tá a gbá á sì máa wá owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

A bá a kọ lẹ́tà, ó mú ìwé ọkọ̀ dání, ó san ìyókù, wọ́n sì fún un ní ìwé tuntun.

Àṣìṣe tá a fẹnu ara wa sọ kí ìjàm̀bá tó dé, àtúnṣe ni. Èyí tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ìjàm̀bá, ẹ̀tàn ni wọ́n á pè é. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kó gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá kó tó fọwọ́ sí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.