Ọkọ̀ afẹ́ ojú òkun: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá àgbà mu

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tẹ́ ẹ ti dàgbà yóò rántí ọkọ̀ Aureol. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ló ni ín. Ọdún 1951 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó, nígbà tó sì di 1974, tí ọkọ̀ òfurufú ti gba èrò mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kógbá sílé. Ẹni tó bá wọ Aureol nígbà náà ń lọ síbi kan ni, yálà ilé ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ọkọ̀ náà bá ìwà òun mu.

Èyí tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń pe òbí wọn sí lóde òní yàtọ̀ pátápátá. Ọkọ̀ náà á gbéra ní èbúté kan, á yí ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ká, á sì dá èrò padà síbi tó ti gbé wọn. Orí ọkọ̀ ni wọ́n á sùn, ibẹ̀ ni wọ́n á jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti ṣeré. A lè sọ pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ìrìn-àjò náà. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ tí a yàn fi ṣe pàtàkì ju ìlú tí a fẹ́ lọ wò lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ nìyí: ọmọ tó fẹ́ fi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún yẹ́ ìyá rẹ̀ sí sábà máa ń ra ohun tó wu òun fúnra rẹ̀. Yóò rí àwòrán ọkọ̀ Icon of the Seas, ti ilé-iṣẹ́ Royal Caribbean, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Miami ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ọkọ̀ ọ̀hún ní àjà 20, ó gùn tó mítà 365, ó sì lè gba èrò tó tó 7,600, láì ka àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ wo bí ìlú kékeré kan ti pọ̀ tó. Ohun ìyanu ni lóòótọ́, àwọn ọmọdé a sì gbádùn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá tí orúnkún ń dùn, tí kò sì fẹ́ ariwo, yóò rìn títí kó tó dé ibi oúnjẹ.

Carnival, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1972, náà kò jìnnà sí èyí: owó rẹ̀ kì í wọ́n púpọ̀, orin àti àríyá ló sì fi ń polówó ara rẹ̀. Holland America, tó ti wà láti 1873, ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń wọ̀, nítorí pé ìrìn rẹ̀ tutù. Ọkọ̀ Queen Mary 2 ti ilé-iṣẹ́ Cunard máa ń fi bí ọjọ́ méje ti Southampton dé New York, wọ́n sì máa ń múra níbẹ̀ bí ẹni ń lọ òde ìyàwó ní àwọn alẹ́ kan. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ gan-an ni aṣọ òkè ì bá ti wúlò. Viking kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé tẹ́tẹ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá ìjọ tàbí alhaji tí kò fẹ́ kọjá níwájú tẹ́tẹ́ kó tó dé yàrá rẹ̀ yóò fara mọ́ èyí. Disney náà kò ní ilé tẹ́tẹ́, òun ló sì dára jù fún ẹni tó ń kó ọmọ-ọmọ dání. Saga, ní Ìlú Ọba, ló dìídì ya ọkọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti lé ní 50 ọdún. Àmàlà ni kí ẹ má retí nínú èyíkéyìí o.

Opó àti ẹni tó ń dá rìn ní láti ṣọ́ra. Èèyàn méjì nínú yàrá kan ni wọ́n fi ń ṣírò owó, ẹni tó bá sì dá yàrá gbà lè san iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì. Ilé-iṣẹ́ Norwegian ti ń ṣe yàrá ẹlẹ́nìkan láti 2010, Saga náà ní irú rẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ sì ni gbogbo owó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n tún ń yọ owó ọpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọtí, íntánẹ́ẹ̀tì àti dókítà orí ọkọ̀, owó ọ̀tọ̀ ni. Dókítà yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá, ibùdó rẹ̀ kò sì lè ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá. Ní oṣù kejì ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà wọ ọkọ̀ Diamond Princess ní Yokohama ní ilẹ̀ Japan, ó ràn mọ́ èèyàn tó lé ní 700, àgbàlagbà sì pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tó máa gbé e kúrò lórí omi bí ara bá yí padà.

Ohun tó wá le jù ni físà, òun ló sì yẹ kó pinnu èbúté kí ẹnikẹ́ni tó mú orúkọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbéra ní Florida ń lọ sí Bahamas, Jàmáíkà tàbí Mẹ́síkò kó tó padà. Lójú òfin, ẹni tó wọ̀ ọ́ ti jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, ó sì ní láti tún un wọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ físà tí òun yóò máa fún ọmọ Nàìjíríà kò ní ju ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ wọ Miami ti lo ìwọlé kan tó ní. Bó bá wọ ọkọ̀ lọ Bahamas, ọ̀nà àtipadà ti dí nìyẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ìjọba Ààrẹ Trump tún kéde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, òun dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní físà àbẹ̀wò dúró. Kò kan ẹni tó ti ní físà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì tán. Irú òbí bẹ́ẹ̀ ní láti yẹ ìwé ìrìnnà rẹ̀ wò, kó rí i pé ó lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò wá yíjú sí Southampton. Físà Ìlú Ọba nìkan kò tó níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí Sípéènì, Faransé tàbí Nọ́wè, físà Schengen gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìrìnnà òbí pẹ̀lú. Bó bá sì fẹ́ yà ní Dublin tàbí Cobh, ilẹ̀ Ireland ní físà tirẹ̀. Bí ìwé kò bá pé, wọn kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún wọ ọkọ̀, wọn kì í sì í sábà dá owó padà.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń gba àsansílẹ̀ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, wọn á sì béèrè ìyókù ní nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta kí ọkọ̀ tó gbéra. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí èèyàn bá yẹ ìrìn-àjò náà, ìdá kan tàbí gbogbo owó náà ń wọmi. Nítorí náà, kí ọmọ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí ìyókù owó máa pé, kó sì rí i pé físà òbí òun ti jáde ṣáájú ọjọ́ náà.