Omi A Máa Tọ Iyọ̀ Lẹ́yìn

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ mọ̀ pé ẹ̀fọ́ tí ó ti rọ yóò tún jí bí a bá ti ìdí rẹ̀ bọ omi tútù. Ó sì mọ̀ pé bí a bá rẹ́ ẹ, tí a wọ́n iyọ̀ sí i, kò ní pẹ́ tí omi yóò fi máa sun jáde lára rẹ̀. Kí ló dé tí omi ń wọlé nígbà kan, tí ó sì ń jáde nígbà mìíràn? Iṣu lè dá wa lóhùn.

Ẹ gé iṣu tútù sí ọ̀nà mẹ́ta tí ó dọ́gba. Ẹ bó o, kí ẹ sì gbẹ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ife, ṣùgbọ́n kí ìdí rẹ̀ má ṣe lu. Ẹ se ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí ó tutù. Ẹ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àwo tí omi díẹ̀ wà. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí méjì sínú ọ̀kan nínú àwọn tútù, àti ṣíbí méjì sínú èyí tí ẹ sè. Ẹ má bu nǹkan kan sínú ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, omi yóò ti gòkè nínú iṣu tútù tí ó ní ṣúgà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bù ú sí i. Inú èyí tí kò ní ṣúgà yóò gbẹ bí ó ti wà. Èyí tí a sè ńkọ́? Ó ní ṣúgà o, ṣùgbọ́n omi kò ní gòkè nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ara iṣu, bí ara ènìyàn, kún fún àwọn yàrá kéékèèké tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Awọ fẹ́lẹ́ tí ó bo ọ̀kọ̀ọ̀kan dà bí oníbodè: ó ń jẹ́ kí omi kọjá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ṣúgà tàbí iyọ̀ kọjá bó ti wù wọ́n. Omi a sì máa lọ síbi tí ṣúgà tàbí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù. Èyí ni à ń pè ní ọsimósíìsì. Nínú iṣu tí a sè, iná ti pa oníbodè.

Àgbẹ̀ tí ó kó ajílẹ̀ òyìnbó jọ sí ìdí àgbàdo ń pa á ni: omi inú gbòǹgbò yóò jáde lọ bá ajílẹ̀, àgbàdo yóò sì rọ lórí ilẹ̀ tútù.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti ọmọdé tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń fún un, yóò tún fa omi kúrò lára ọmọ tí omi ara rẹ̀ ti ń tán lọ. Bí ẹ bá rí àpò ORS, ìwọ̀n omi tí a kọ sí i lára ni kí ẹ fi pò ó. Bí kò bá sí, omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ ni. Kí a má sì ṣe fi ilé ìwòsàn falẹ̀.

Iyọ̀ tí a fi ń ṣúre fún ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kò gbọ́dọ̀ di ohun tí yóò pa á lára. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn bu ṣúgà sínú iṣu yìí. Ohun tí ojú wọn bá rí ní kíláàsì, wọn yóò sọ ọ́ fún ìyá wọn nílé.