Ohun Tó Bọ́ Sílẹ̀, Ti Ta Ni?

Anoumabo ni ọ̀rọ̀ wa dé lọ́sẹ̀ yìí, àdúgbò àwọn Ebrié ní Marcory, nínú ìlú Abidjan. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Magic System ti dá àjọ̀dún orin FEMUA sílẹ̀ lọ́dún 2008. Bí èrò bá jó tán níbi irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀, òrùka ẹnì kan á ti yọ, yẹtí ẹlòmíràn á ti já, owó wẹ́wẹ́ á sì ti dà sínú iyanrìn.

Nílùú òyìnbó, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbafẹ́ wọn ni láti máa fi ẹ̀rọ wá irú nǹkan wọ̀nyí nínú ọgbà àti pápá ìṣeré ọmọdé. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe idán. Iná mànàmáná ń gba inú òbìrìkìtì wáyà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó ń rán agbára òòfà wọlẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin tàbí wúrà, ẹ̀rọ á ké. Alexander Graham Bell fi irú rẹ̀ wá ọta ìbọn nínú ara Ààrẹ Garfield ti Amẹ́ríkà lọ́dún 1881, ṣùgbọ́n kò rí i. Lónìí, àwọn awakùsà wúrà ní Mali àti Burkina Faso ń lò ó.

Ṣùgbọ́n ta ló ni ohun tí ẹ̀rọ bá rí? Òfin Faransé ti 1804, tí Côte d'Ivoire jogún, sọ pé ìṣúra ni ohun tó pamọ́, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi hàn pé tòun ni, tí èèyàn sì ṣèèṣì rí. Bó bá wà lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, ìdajì jẹ́ ti ẹni tó rí i, ìdajì jẹ́ ti onílẹ̀. Òrùka tó bọ́ lánàá kì í ṣe ìṣúra, ó lólówó. Ẹni tó sì gbé ẹ̀rọ kọ́rùn láti àárọ̀, ṣé a lè ní ó ṣèèṣì ni?

Ohun mìíràn tún wà nílẹ̀. Ẹ wo ẹja tó wà lára ọ̀pọ̀ owó wẹ́wẹ́ CFA: àwòrán òṣùwọ̀n tí àwọn Akan fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́ ni. Bí ẹ̀rọ bá hú irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ jáde, ìtàn odidi ìran kan ló hú. Nílé wa níbí, Òfin 77 ti 1979 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti walẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ. Côte d'Ivoire náà ti ṣòfin ààbò tirẹ̀ lọ́dún 1987.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ló ti sọ Abidjan di ilé. Òwò wọn dúró lórí ìgbẹ́kẹ̀lé onílùú. Àwọn àgbà sì ní àlejò a máa lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Bí ọmọ wa kan bá rí òrùka he, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà àdúgbò tàbí àgọ́ ọlọ́pàá. Òrùka kan kò lè sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ gbogbo wa di olè lójú ẹni tó gbà wá sílé. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.