Ẹni Tó Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Òṣèré Kì Í Ṣe Ọ̀tá

Lónìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹgbẹ́ òṣèré. Àwọn ni wọ́n ń lu ìlù, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ìwà burúkú wí lójú agbo. Ní Tchaourou níbí, ta ni kò mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n máa ń wá síbi ìsọmọlórúkọ, síbi ìgbéyàwó, àti síbi òkú àgbà.

Ohun kan wà tó máa ń ba ẹgbẹ́ òṣèré jẹ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kúrò, ìjà a dé. Olórí á ní, “Ọ̀dàlẹ̀ ni.” Ẹni tó ń lọ á ní, “Wọ́n jẹ mí lówó.” Kí ọdún tó yí po, ẹgbẹ́ á tú ká. Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré dà bí ọjà. Bí ẹnìkan ti ń wọlé ni òmíràn ń jáde, síbẹ̀ ọjà kò tú.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kejì ọdún 1826, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Clapperton wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Bàrìbá. Aláàfin ní kí àwọn òṣèré eégún wá ṣeré fún un. Àwọn kan jó nínú àpò. Ọ̀kan ṣe bí òjòlá, ejò ńlá. Níkẹyìn, eégún funfun kan jáde, ó ń rìn bí òyìnbó. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Àlejò náà gan-an ni wọ́n ń sín jẹ lójú ara rẹ̀! Alárìnjó ni à ń pe irú òṣèré bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n ń rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ń jó.

Lẹ́yìn wọn ni Hubert Ògúńdé dé. Wọ́n bí i ní Ọ̀sọ̀sà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọdún 1916. Ó ti ṣe tíṣà rí, ó sì ti ṣe ọlọ́pàá. Ní ọdún 1945 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n da orin, ijó, ìlù àti fèrè òyìnbó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi mọ́tò gbé eré wọn káàkiri. Ní ọdún 1964 wọ́n ṣe eré kan tí à ń pè ní Yorùbá Ronú. Eré náà ta àwọn olóṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lára. Ìjọba ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ ṣeré ní agbègbè wọn mọ́. Ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọdún 1966 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò.

Ẹ ò rí i pé eré kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré? Ẹgbẹ́ tó dúró dáadáa lè sọ ohun tí ẹnìkan ṣoṣo kò lè sọ. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá tú, gbogbo ìlú ló pàdánù.

Ògúńdé náà rí wàhálà àwọn tó ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn ṣe òṣèré. Wọ́n ní iṣẹ́ alágbe ni. Kí ni Ògúńdé ṣe? Ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ níyàwó. Àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ wá di òpó ẹgbẹ́ náà. Ọgbọ́n ìgbà tirẹ̀ nìyẹn. Ògúńdé kú ní ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn kò tó fún wa lónìí. Bí ẹgbẹ́ bá dúró lórí ẹnìkan, ikú ẹni náà lè di ikú ẹgbẹ́. Kò sì yẹ kí obìnrin di ìyàwó olórí kí ó tó lè jó lójú agbo.

Ẹ wo ẹlòmíràn. Kí Moses Ọláìyá, ẹni tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, tó di aláwàdà, olórin ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ orin rẹ̀ tí ń jẹ́ Sunday Adéníyì. Ó kúrò, nígbà tí ó sì di ọdún 1967, ó ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí King Sunny Adé. Bàbá Sàlá di ọ̀gá nínú ẹ̀fẹ̀. Sunny Adé di ọ̀gá nínú orin jùjú. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló pàdánù?

Olórí ẹgbẹ́ kan lè sọ pé, “Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìlù. Èmi ni mo rán aṣọ fún un. Ṣé kí n máa wò ó kí ó kó orin mi lọ?” Òótọ́ ni, ó dun ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn télọ̀ àti àwọn káfíńtà. Wọ́n ń gba ọmọ iṣẹ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá mọṣẹ́ tán, wọ́n á dá a sílẹ̀, wọ́n á sì gbàdúrà fún un. Kò sí ẹni tó ń pè é ní olè. Kí ló dé tí ti òṣèré fi yàtọ̀?

Ohun tó yàtọ̀ ni pé télọ̀ máa ń bá òbí ọmọ ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré kì í ṣe àdéhùn kankan. Ibí ni ìwé tí ẹ ń kọ́ yóò ti wúlò. Ẹ wá ìwé kan fún ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́rin sínú rẹ̀.

Èkíní, ẹ kọ orúkọ olúkúlùkù àti ọjọ́ tó wọlé.

Èkejì, ẹ kọ owó. Bí wọ́n bá fún yín ní 30.000 fráǹkì, kí ẹ sì jẹ́ ènìyàn 12, ẹ lè fi 6.000 sínú àpò ẹgbẹ́. Yóò ku 24.000. Olúkúlùkù yóò gba 2.000. Ẹ kọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ orin àti ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Dúró Ládípọ̀ ti Òṣogbo kú ní ọdún 1978, ṣùgbọ́n eré rẹ̀, Ọba Kò So, kò kú. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, tó ń ṣe Ọya nínú rẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Wọ́n sì ti tẹ eré náà sínú ìwé. Ẹni tí kò rí Ládípọ̀ rí lè kà á, kí ó sì kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú eré Ògúńdé kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ bí ènìyàn yóò ṣe kúrò. Oṣù mélòó ni yóò fi sọ tẹ́lẹ̀? Ta ló ni ìlù? Ta ló ni aṣọ? Orin wo ló lè máa kọ níbòmíràn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kúrò náà, ẹ má fi òru lọ. Ẹ dúró kọ́ ẹni tí yóò gba ipò yín. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ kan, ẹ mú ìwé yìí lọ sí ìpàdé yín. Ẹ kà á sókè fún àwọn tí kò tíì lè kà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gègé lé ìwé.