Èdè Yorùbá Kò Kéré sí Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ọlọ́lá ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, àwọn kan ń tẹnu mọ́ ọn pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, pé kí a fi í sílẹ̀ fún oríkì àti àlọ́. Àwa kò gbà. Kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé ohun tí ó rọrùn ni a yàn, a mú ọ̀kan tí ó máa ń ta kókó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: bí òṣìṣẹ́ púpọ̀ nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo ti ń fi iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì pe irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní thread. Àwa pè é ní okùn iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro ilé ìkẹ́rù kan ní àgbègbè ilé iṣẹ́ ńlá Ìkòròdú, tí akọ̀wé méjì ń lo ìwé kan. Àwọn méjèèjì kà á lẹ́ẹ̀kan náà pé àpò 40 ni ó wà nílẹ̀. Èkíní gba 5 wọlé, ó kọ 45. Èkejì fi 3 ránṣẹ́ síta, ó kọ 37 lé e lórí. Àpò 42 ni ó wà nílẹ̀ ní tòótọ́. Kò sí olè níbẹ̀, kò sì sí òpùrọ́. Ètò ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń rí nígbà tí okùn iṣẹ́ méjì bá ki ọwọ́ bọ ohun kan náà.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láàárín 1985 sí 1987, Therac-25, ẹ̀rọ ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, ta ìtànṣán àpọ̀jù sára ènìyàn mẹ́fà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ó kéré tán, mẹ́ta kú. Nancy Leveson àti Clark Turner tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1993: lára àléébù ẹ̀rọ náà ni pé àwọn iṣẹ́ tí ń lọ pọ̀ nínú rẹ̀ ń pín ohun ìrántí kan lò láìsí ìdáàbòbò.

Kí ni àtúnṣe? Ìlà ni. Òṣìṣẹ́ kan a fi iṣẹ́ sí ẹ̀yìn, èkejì a mú ti iwájú. Àgádágodo wà lára ìlà fúnra rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì lè fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ṣófo, ẹni tí ń mú a dúró. Bí ó bá kún, ẹni tí ń fi sí i a dúró. Edsger Dijkstra ti kọ irú ètò yìí sílẹ̀ ní 1965. Java fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ kún ara rẹ̀ ní 2004. Python náà ní in, put ni ìfisí, get ni ìmú.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ẹrù lélẹ̀ kò gbọdọ̀ padà tú u. Kí ìlà ní òdiwọ̀n, nítorí bí ẹni tí ń mú bá lọ́ra, ẹrù yóò kún ẹ̀rọ dé ẹnu. Bí iṣẹ́ bá parí, kí a fi àmì òpin sí ìlà fún olúkúlùkù ẹni tí ń mú, kí wọn má bàa dúró títí láé.

Àwọn kan a máa pa ọgbọ́n kúkurú: wọn a ní kí okùn kan sùn díẹ̀ kí èkejì fi ṣe tán. Ìyẹn kì í ṣe ètò, oríire ni wọ́n ń wá. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ ni àṣírí yóò tú.

A bi àwọn alátakò wa: níbo ni Yorùbá ti kùnà nínú gbogbo èyí? A kò ní kí a yí put àti get padà. Orúkọ tí ẹ̀rọ mọ̀ nìyẹn. Ìdí iṣẹ́ ni kí a fi èdè wa kọ́ni, nítorí ọmọ tí ó há orúkọ sórí tí kò mọ ìdí, àgádágodo ni ó gbé tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Politẹ́kíníìkì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkòròdú di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2022. Kí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kọ irú ẹ̀kọ́ yìí ní Yorùbá. Kí ẹ̀yin ìjòyè àti ọlọ́rọ̀ san owó ìwé títẹ̀. Kí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ fi í kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ wọn. Igi gànǹgàn-ràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.