Ẹ Kú Ìtọ́jú Òmìrán Irin: Oríyìn fún Àwọn Ará West Mineral

Yinni-yinni, kẹ́ni lè ṣe òmíràn, ni àwọn àgbà wí. West Mineral, ìlú kékeré kan ní gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni oríyìn wa forí lé lónìí. Ẹ̀rọ ńlá tí àwọn ẹlòmíràn gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ tà fún àwọn tó ń ra àjákù irin, àwọn ará ibẹ̀ tọ́jú tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí.

Big Brutus ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Ṣọ́bìrì ni, ṣùgbọ́n irú ṣọ́bìrì tí ojú kì í rí lẹ́ẹ̀mejì. Ilé-iṣẹ́ Bucyrus-Erie ló rọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ awakùsà èédú Pittsburg & Midway. Wágọ́ọ̀nù rélùwéè 150 ló kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wá, òṣìṣẹ́ 52 sì fi oṣù 11 tò ó pọ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1963, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 160, ó sì wọn mílíọ̀nù 11 pọ́n-ùn. Kì í rìn tó ìdámẹ́rin máìlì ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í sùn: tọ̀sán tòru ni iná mànàmáná ń mú un ṣiṣẹ́.

Èédú agbègbè yẹn kò nípọn. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ilẹ̀, erùpẹ̀ àti òkúta sì bò ó mọ́lẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 20 títí dé 69. Iṣẹ́ Big Brutus ni láti ṣí ìbòrí yìí kúrò bí ẹni ń bẹ iṣu. Inú kòtò ló máa ń dúró sí. Á bu ilẹ̀ níwájú, á yí padà, á dà á síbi tí wọ́n ti kó èédú kúrò tẹ́lẹ̀. Bù kan ṣoṣo lè tó tọ́ọ̀nù 150, èyí tó kún wágọ́ọ̀nù mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ kì í kó èédú rárá. Àwọn ṣọ́bìrì kéékèèké ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti kó o. Ènìyàn mẹ́ta péré ló sì ń darí òmìrán yìí: ẹni tó ń wà á, ẹni tó ń fi òróró sí i, àti ẹni tó dúró nílẹ̀ tó ń bójú tó àyíká rẹ̀.

Ní 1974, èrè èédú náà kò tó ìnáwó rẹ̀ mọ́, wọ́n sì pa ẹ̀rọ náà. Ọdún gorí ọdún, ó dá dúró sínú pápá. Irin mílíọ̀nù 11 pọ́n-ùn kì í ṣe ohun tí oníṣòwò ń fi tọrẹ, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Pittsburg & Midway fi tọrẹ. Wọ́n fi ilẹ̀ éékà 16 àti dọ́là 100,000 lé e. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni tún un ṣe, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún àlejò ní oṣù keje 1985. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí ìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oore yìí ṣe pọ̀ tó, kí ó wo àwọn ẹgbẹ́ Big Brutus. Mountaineer, tó ṣáájú àwọn òmìrán wọ̀nyí ní Ohio ní 1956, ti di àjákù. The Captain ní Illinois, tí ẹnu ṣọ́bìrì rẹ̀ gba ìlọ́po méjì ti Big Brutus, jóná ní 1991, wọ́n sì gé e tà. Silver Spade ní Ohio ṣiṣẹ́ títí di 2006. Àwọn ará ibẹ̀ sapá láti gbà á sílẹ̀, owó kò ká a, wọ́n sì wó o ní 2007. A kí àwọn náà. Ẹni tó bá du nǹkan tí kò rí i gbà, ó du ú.

A mọ̀ pé ẹnìkan lè béèrè pé: ṣé ẹ̀rọ tó dá ọgbẹ́ sára ilẹ̀ ló yẹ ká máa tọ́jú? Òótọ́ ni ọgbẹ́ náà. Kí òfin ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1977 láti pàṣẹ pé kí awakùsà tún ilẹ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ oko èédú ni wọ́n fi sílẹ̀ ní kòtò àti gegele. Ní Kansas, omi ti kún ọ̀pọ̀ kòtò náà, àwọn èèyàn sì ń pẹja níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ẹlẹ́rìí tà, ta ni yóò rojọ́? Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn Big Brutus dé ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí yóò rí bí ọgbọ́n ènìyàn ti pọ̀ tó, yóò sì rí ohun tí iná tí à ń tàn ń ná ilẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará West Mineral, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ wà á lóru, tí ẹ fi òróró sí i nínú òtútù, oríyìn yín ni ẹ̀rọ yìí kí ó tó di ti ẹnikẹ́ni. Kí ilé-iṣẹ́ tó bá tún ní ẹ̀rọ ńlá tó ti kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ kọ́kọ́ pe àwọn tó fi í jẹun, kí ó tó pe àwọn tó fẹ́ gé e.