Tamale Kì í Ṣe Òkè Himalaya

Ẹni tó bá fẹ́ gbin rhododendron sí Tamale, owó ló fẹ́ sọnù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan, nítorí àwòrán òdòdó náà ti kún ojú fóònù wa: ìṣùpọ̀ òdòdó pupa fòò, ewé tó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, ilé òyìnbó lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́lé tuntun yóò na fóònù sí ẹni tó ń ta òdòdó létí títì, yóò ní, "Irú èyí ni mo fẹ́." Ọlọ́jà kì í ní kò sí. Yóò wá nǹkan tó jọ ọ́.

Ẹ wo ibi tí òdòdó náà ti wá. Ní 1848 àti 1849, Joseph Hooker, onímọ̀ ewéko láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rin àwọn òkè Sikkim ní Himalaya, ó sì kó irúgbìn oríṣiríṣi rhododendron ránṣẹ́ sí Kew ní London. Níbẹ̀, ìkùukùu ń bo òkè, ewé jíjẹrà ń sọ ilẹ̀ di kíkan, ilẹ̀ náà kì í sì í gbẹ. Òtútù Britain bá a lára mu. Kódà oríṣi kan, Rhododendron ponticum, ti di èpò tí wọ́n ń bá jà nínú igbó Wales àti Scotland. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, kò sí rhododendron kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀.

Gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọlẹ̀ jìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún olùgbìn pé kó má rì í mọ́lẹ̀ jù, kó fi ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi bo ìdí rẹ̀, kó má jẹ́ kí omi dúró síbẹ̀, kó má sì jẹ́ kó gbẹ rárá. Tó bá jẹ́ inú ìkòkò, erùpẹ̀ tó kan ni, pẹ̀lú ibòji díẹ̀ àti omi òjò. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ẹ wá gbé e dé Tamale. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, ó ń parí ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ ń dé, tí ètè gbogbo wa ń là. Omi òjò wo lẹ fẹ́ bù sí i ní oṣù kejì? Nígbà tó bá fi di oṣù kẹta, ooru ti sún mọ́ 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìkòkò oníke dúdú tó wà lórí kọnkéré sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbòǹgbò yóò sè nínú rẹ̀.

Ẹnìkan yóò ní rhododendron wà ní Indonesia àti Papua New Guinea, tí ooru wà bíi tiwa. Ó wà. Orí òkè gíga ló pọ̀ sí, níbi tí alẹ́ ti ń tutù. Tamale kò ga tó 200 mítà ju òkun lọ. Àfi kí ẹ gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí bàráńdà fún un.

Ẹ lè ní owó olówó ni, kí ló kàn mí? Omi ló kàn mí. Omi ẹ̀rọ wa ń wá láti Dalun, láti inú odò Volta Funfun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ a máa dákẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ ní àwọn àdúgbò kan, àwọn obìnrin àti ọmọdé a sì tò pẹ̀lú "Kufuor gálọ́ọ̀nù", ike yẹ́lò tí àwọn ará Ghana fi orúkọ ààrẹ pè nítorí ọ̀wọ́n omi ìgbà rẹ̀. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, koríko tútù iwájú òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ tánkà bomi rin kì í ṣe ẹwà lójú mi. Ìwọ̀sí ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń bú igi torí pé ó jẹ́ àlejò. Yorùbá Tamale kọ́ ló yẹ kó sọ irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tó ti ń tajà nínú ọjà yìí láti ọdún gbọ́nhan di ẹrù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí, tàwọn tọmọ tí wọn kò dé ibẹ̀ rí. Bougainvillea, South America ló ti wá, ó sì ń tanná lára ògiri wa nínú ọyẹ́. Dongoyaro, Íńdíà ló ti wá, abẹ́ rẹ̀ la ń jókòó sí. Ohun tí mo ń bi igi ni pé ṣé ó lè gba oòrùn yìí. N kò bi í ní ìwé ìgbélùú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni òdòdó tí a ní tí a kò kà sí. Adenium obesum, tí òyìnbó ń pè ní desert rose, ọmọ Sahel ni, láti Senegal dé Sudan. Ìdí rẹ̀ wú bí ìkòkò, omi ló tọ́jú síbẹ̀. Àwọn ará Thailand àti Taiwan ti sọ ọ́ di òwò, wọ́n ń tà á káàkiri ayé. Àwa ń wá òdòdó Sikkim.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ẹ wá ìkòkò tó ní ihò nísàlẹ̀, kí ẹ po iyanrìn gbàràgàdà tàbí òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ erùpẹ̀, ìdajì sí ìdajì. Irúgbìn tí kò tíì pẹ́ a máa hù láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èyí tó ti ara irúgbìn hù ni ìdí rẹ̀ máa ń wú dáadáa, ju èyí tí a gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn lọ. Ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ má bomi rin ín àfi tí erùpẹ̀ bá gbẹ. Nínú ọyẹ́ ó lè wọ́wé. Kò kú, ó ń sinmi ni. Ẹ má fi omi pa á. Oje rẹ̀ ní májèlé tí àwọn ọdẹ kan ní Áfíríkà fi ń pa ọfà, nítorí náà ẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, kí ẹ sì gbé e jìnnà sọ́mọdé. (Rhododendron náà ní májèlé, oyin rẹ̀ a sì máa gbé ènìyàn dákú, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn bá mi jà.)

Ní ti ilẹ̀ gbalasa, ẹ dá igi ẹ̀mí àti igi igbá sí kí katapílà tó wọlé. Igi ẹ̀mí lè lo 15 sí 20 ọdún kó tó so, a sì ń hú u láàárọ̀ ọjọ́ kan ká lè rí àyè gbin fúláwà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó bá sì fẹ́ gbé iṣẹ́ ọgbà jáde, kó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ohun tí wọ́n bá gbìn gbọ́dọ̀ la oṣù kẹta já láìsí tánkà. Èyí tó bá kú, kí agbaṣẹ́ṣe fi owó ara rẹ̀ gbin òmíràn.